Kí Ẹ Tó Ki RAM Mìíràn Bọ Kọ̀ǹpútà Yín

Ọ̀rọ̀ RAM ni mo gbé wá lónìí, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí àwọn ẹnjiníà máa ń ki bọ inú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á sì ní, "Ó ti yára báyìí." Mo fẹ́ kí a jọ mọ ohun tó ń mú un yára lóòótọ́, àti bí a ṣe lè fi oríṣi méjì sínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo láìfi owó wa ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá púpọ̀, torí ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni Adó-Èkìtì, ìlú wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lójú ọ̀nà Ìwòrókò, Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà lọ́nà Ìjàn, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà níhìn-ín ní Adó, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀yẹ́. Láti ọdún 2015 tí JAMB ti sọ gbogbo ìdánwò UTME di ti orí kọ̀ǹpútà, ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ kankan nílé pàápàá gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ọ̀kan kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín 2010 sí 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì pín láptọ́ọ̀pù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Láti ìgbà náà wá, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń fi owó ara wa rà ni tọ́kunbọ̀. Ara tọ́kunbọ̀ yìí sì ni ọ̀rọ̀ RAM ti máa ń le.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí RAM ń ṣe. Prósẹ́sọ̀, tíí ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kì í bá fáìlì ṣiṣẹ́ níbi tí a tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá ṣí lẹ́tà kan, ẹ̀rọ á dà á kọ láti orí díìsìkì sínú RAM, ibẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ á ti máa mú un, tí á sì máa dá a padà. Bí iná bá lọ, tí bátìrì ò sì gbé e mọ́, gbogbo ohun tó wà nínú RAM parẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè tẹ ojú ìwé mẹ́wàá kó má bá ọ̀kan mọ́.

Ẹni tó gbé irú RAM tí à ń lò títí dòní kalẹ̀ ni Robert Dennard, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní IBM. Ọdún 1966 ni èrò náà sọ sí i lọ́kàn, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1968. Ó fi transistor kan àti kapásítọ̀ kan ṣe yàrá fún bíìtì kọ̀ọ̀kan. Kapásítọ̀ tí iná wà nínú rẹ̀ dúró fún 1, èyí tó ṣófo dúró fún 0. RAM 8GB kan ṣoṣo ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 68. Ṣùgbọ́n àwọn kapásítọ̀ yìí kéré débi pé wọ́n ń jò. Iná inú wọn ń dínkù, nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yí gbogbo wọn ká, kó kà wọ́n, kó sì tún iná wọn kún kí mílísẹ́kọ́ǹdì 64 tó pé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìsinmi títí ẹ ó fi pa kọ̀ǹpútà. Nígbà mìíràn tí ẹ bá rí RAM nínú ìsọ̀, ẹ rántí pé ohun tó ń jò tí wọ́n sì ń rọ omi sí ní gbogbo ìgbà ni. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún.

Wọ́n to àwọn yàrá yìí ní ìlà ìbú àti ìlà òró. Kí prósẹ́sọ̀ tó rí ohun tó bèèrè gbà, RAM ní láti kọ́kọ́ ṣí odindi ìlà ìbú tí ohun náà wà, kó tó wá mú èyí tí wọ́n fẹ́ lára ìlà òró rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà ìbú mìíràn ló wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, á kọ́kọ́ pa ìyẹn dé ná. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba àkókò, àkókò yìí sì ni mo ń pè ní ìdádúró. Nánósẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ìyẹn ni pé bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan níbẹ̀ ni nánósẹ́kọ́ǹdì kan.

Bí ẹ bá ra RAM tó wà nínú páálí, ẹ lè rí nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀, bíi 22-22-22-52. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní CL. Ó ń sọ iye ìgbà tí aago inú RAM yóò lù, láti ìgbà tí wọ́n ti bèèrè ohun kan lára ìlà tó ti ṣí, títí tí ohun náà fi máa jáde. Èkejì jẹ́ ti ṣíṣí ìlà, ẹ̀kẹta jẹ́ ti pípa á dé, ẹ̀kẹrin sì ń sọ bí ìlà kan ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí tó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. CL jẹ́ iye ìlù aago, aago náà kì í sì í lù bákan náà nínú gbogbo RAM. Bí RAM ṣe ń jẹ́ tuntun sí i ni aago rẹ̀ ń yára lù sí i. Ẹni tó bá rí CL11 lára RAM àtijọ́ àti CL22 lára RAM tuntun lè rò pé tuntun lọ́ra ní ìlọ́po méjì. Ẹ mú bírò, kí a jọ ṣe é. Ẹ fi CL náà ṣe ìlọ́po 2000, kí ẹ wá fi nọ́ńbà ìyára tó wà lára RAM pín in. DDR3, DDR4 àti DDR5 ni orúkọ ìran RAM, láti àtijọ́ dé tuntun. DDR3-1600 tó ní CL11: 22000 tí a fi 1600 pín, ó jẹ́ nánósẹ́kọ́ǹdì 13.75. DDR4-2400 tó ní CL17: ó lé díẹ̀ ní 14. DDR4-3200 tó ní CL22: ó tún padà sí 13.75 gẹ́lẹ́. DDR5-4800 tó ní CL40: ó lé ní 16 àbọ̀.

Ẹ wò ó bí mo ṣe wò ó. Ọdún 2007 ni wọ́n gbé ìlànà DDR3 jáde, ti DDR4 jáde ní 2012, ti DDR5 jáde ní 2020. Ọdún mẹ́tàlá ni ìyẹn, ìdádúró ò sì dínkù! Òótọ́ ni pé àwọn RAM kan wà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ta géèmù, bíi DDR5-6000 tó ní CL30, tí tiwọn jẹ́ nánósẹ́kọ́ǹdì 10, ṣùgbọ́n owó wọn ga, láptọ́ọ̀pù tọ́kunbọ̀ wa kò sì lè lò wọ́n.

Kí wá ni nọ́ńbà ńlá náà, 1600, 2400, 3200, ń ṣe? Ẹ ronú ọkọ̀ tó ń kó iṣu láti Ìfàkì wá sí Ọjà Ọba ní Adó. Bí ẹ bá fi tírélà rọ́pò píkọ́ọ̀pù, iṣu tó máa dé lẹ́ẹ̀kan á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìyá tó ń dúró de iṣu kan ṣoṣo láti fi gún iyán fún àlejò yóò dúró bó ṣe máa ń dúró. Ìwọ̀n ẹrù ni nọ́ńbà ńlá náà ń sọ. RAM 1600 kan lè gbé gígábáìtì 12.8 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti 3200 lè gbé 25.6. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, tàbí tó ń lo kọ̀ǹpútà tí kò ní káàdì àwòrán ti ara rẹ̀, yóò rí ìyàtọ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé, tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gba fọ́ọ̀mù JAMB sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí gbogbo wa máa mọ̀ lára ni ìgbà tí RAM bá kún. Bí kò bá tíì kún, láti ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ dé RAM àti padà, gbogbo ìrìn àjò náà máa ń tó nánósẹ́kọ́ǹdì 60 sí 100. Prósẹ́sọ̀ tó ń lu ìlù bílíọ̀nù mẹ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á ti pàdánù nǹkan bí igba ìlù sí ọ̀ọ́dúnrún lórí ìbéèrè kan ṣoṣo, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi kọ́ ìpamọ́ kékeré kan mọ́ ọn nínú, kó má baà máa sáré lọ sọ́dọ̀ RAM lórí gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n tí RAM bá kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ohun kan jáde sórí díìsìkì, á sì tún máa kó wọn padà nígbà tí ẹ bá nílò wọn. Háádì díìsìkì tó ń yí máa ń lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 10 kó tó rí nǹkan kan. Mílíọ̀nù mẹ́wàá nánósẹ́kọ́ǹdì ni ìyẹn! Ó fi ìlọ́po ọ̀kẹ́ márùn-ún, 100,000, ju ti RAM lọ. SSD, ìyẹn díìsìkì tí kì í yí, sàn púpọ̀, síbẹ̀ ó tún fi nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan lọ́ra ju RAM lọ.

Ẹ fi èyí wé ìyàtọ̀ nánósẹ́kọ́ǹdì kan tàbí méjì tó wà láàárín CL kan sí èkejì. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n pé ẹni tó bá ní 4GB, tó ṣí Word, tó ṣí Chrome pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́jọ, tí WhatsApp tún wà níbẹ̀, RAM tó pọ̀ sí i ló nílò. Kò nílò RAM tó ní nọ́ńbà tó gbayì. 8GB tí ìyára rẹ̀ kéré yóò ṣe é lóore ju 4GB tí ìyára rẹ̀ ga lọ. Kí ẹ tó náwó, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Ẹ ó rí iye tí ẹ̀rọ ń lò, ìyára tí RAM fi ń ṣiṣẹ́, àti iye ojú ihò RAM tó ti ní nǹkan nínú. Bí iye tó ń lò kò bá kọjá ìdajì lásìkò tí iṣẹ́ pọ̀ jù, RAM kọ́ ló ń dà á láàmú. Ẹ wo díìsìkì rẹ̀.

Ó wá kù sí ọ̀rọ̀ dída oríṣi méjì pọ̀. Àwọn olówó ayé lè sọ pé kí ẹ ra méjì tó jọra nínú páálí kan, ìmọ̀ràn náà sì dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọjà wa ṣe rí. Ní 2015 àti 2016, àwọn onímọ̀ láti ibùdó Àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí pàǹtírí eléwu) fún ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú United Nations University, dúró sí èbúté Èkó, wọ́n yẹ ẹrù tó ń wọlé wò. Wọ́n rí i pé ohun èlò iná àlòkù tó ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kan ju 60,000 tọ́ọ̀nù lọ, àti pé ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà wà lára wọn. Láti Èkó ni wọ́n ti ń gba Computer Village ní Ìkẹjà, kí wọ́n tó dé àwọn ìsọ̀ tiwa ní Adó. Èyí tó bá ti kú, wọ́n á yọ ohun tó ṣì dára lára rẹ̀ sí ara èyí tó yè, RAM sì wà lára ohun tí kì í tètè bàjẹ́. Bí RAM ti Samsung ṣe ń bá ti Hynix gbé nínú láptọ́ọ̀pù EliteBook kan nìyẹn. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà wa lórí èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà lè ní kọ̀ǹpútà. Ohun tó burú ni kí a máa dà á pọ̀ láìmọ̀.

DDR3, DDR4 àti DDR5 kò lè bára wọn gbé rárá. Géńgé tó wà létí wọn yàtọ̀ síra, ẹsẹ̀ góòlù wọn náà sì yàtọ̀: ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 204 fún DDR3, 260 fún DDR4, 262 fún DDR5. Bí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ má fi agbára tì í.

Ewu tó fara sin wà láàárín DDR3 àti DDR3L. Géńgé kan náà ni wọ́n ní, ẹsẹ̀ 204 kan náà, wọ́n sì ń wọ ihò kan náà. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀tì 1.5 ni DDR3 ń lò, DDR3L sì lè lo 1.35. Àwọn láptọ́ọ̀pù tó ní Intel Core ìran kẹrin, irú bíi HP EliteBook 840 G1, fọ́ọ̀tì 1.35 ni wọ́n ń fún RAM. Bí ẹnjiníà bá yọ RAM lára ẹ̀rọ ìran kejì, tó sì jẹ́ DDR3 lásán, tó wá ki í bọ irú ẹ̀rọ yìí, ó lè má tàn rárá, tàbí kó tàn tí á sì máa ṣe ségesège. Ẹni tó ni ín á rò pé kọ̀ǹpútà òun ti kú. Kò kú o, RAM tí fọ́ọ̀tì rẹ̀ kò bá a mu ni wọ́n fún un. DDR3L ní tirẹ̀ lè bá ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń lo 1.5 ṣe láìsí wàhálà. Nítorí náà bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ̀rọ yín ń lò láàárín méjèèjì, DDR3L ni kí ẹ béèrè. Lẹ́tà L yẹn ni kí ẹ fojú wá lára rẹ̀: PC3L, kì í ṣe PC3.

Bí ìran wọn bá ti bára mu, ìyára tó yàtọ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀. Eérún kékeré kan wà lára RAM kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ gbogbo ohun tó lè ṣe sí nínú. Nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ, á ka ti méjèèjì, á sì mú ìyára tí àwọn méjèèjì lè bá lọ, ìyẹn ni pé yóò tẹ̀lé èyí tó lọ́ra. Ẹ fi 2400 àti 3200 pọ̀, méjèèjì á ṣiṣẹ́ ní 2400. Àwọn kan á ní CL22 àti CL17 kò lè gbé pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. CL22 jẹ́ ti ìyára 3200. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sí 2400, aago rẹ̀ ò yára lù mọ́, ìlù 17 á sì tó o. Nínú ẹ̀rọ desktop pàápàá jù lọ, bí ẹnì kan bá ti tan ohun tí wọ́n ń pè ní XMP láti ti RAM kọjá ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pa XMP náà kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

Prósẹ́sọ̀ pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. EliteBook 840 G5 tó ní Core ìran kẹjọ kò lè kọjá 2400. RAM 3200 á ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ní 2400 ni. Ẹni tó bá gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín torí 3200 nínú ẹ̀rọ yẹn, ohun tí ẹ kò lè lò ló tà fún yín.

Bí ọ̀kan bá jẹ́ 4GB tí èkejì jẹ́ 8GB ńkọ́? Ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Bí RAM méjì bá dọ́gba, prósẹ́sọ̀ á máa gba ọ̀nà méjì lọ́wọ́ kan náà, ẹrù tó lè gbé á di ìlọ́po méjì. Bí wọn kò bá dọ́gba, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ní Intel, 4GB lára 8GB náà á darapọ̀ mọ́ 4GB kejì láti gba ọ̀nà méjì, 4GB tó ṣẹ́kù á sì gba ọ̀nà kan. Kò sí ohun tó ṣòfò níbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tí kò sí bí ẹ ò ṣe ní dà á pọ̀. ThinkPad T480s ní RAM kan tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì ní ojú ihò kan ṣoṣo fún òmíràn. X1 Carbon àti MacBook Air kò ní ojú ihò rárá, iye tí wọ́n bá bá wá náà ni wọ́n á bá lọ. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó ra ẹ̀rọ náà, torí kò sí ẹnjiníà tó máa fi owó pọ́ọ́kú bá yín tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé tàbí ibùdó CBT, tí ẹ ń lo desktop, ẹ tún ṣọ́ra fún RAM sáfà. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń wọ ihò desktop, ṣùgbọ́n èyí tó ní lẹ́tà R nídìí nọ́ńbà rẹ̀, bíi PC3-10600R, kò ní tan desktop lásán.

Bí a ṣe ń ka àlẹ̀mọ́ ara RAM kò le rárá. Bí ẹ bá rí PC3L-12800S-11, 3L ń sọ ìran rẹ̀ àti fọ́ọ̀tì rẹ̀. 12800 ni ẹrù rẹ̀ ní mẹ́gábáìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi 8 pín in, ẹ ó rí 1600. S ń sọ pé ti láptọ́ọ̀pù ni, 11 sì ni CL rẹ̀. Lára DDR4, ẹ lè rí PC4-2400T. Lẹ́tà T yẹn ló dúró fún CL17. PC4-2133P jẹ́ CL15, PC4-2666V jẹ́ CL19, PC4-3200AA jẹ́ CL22. Tí wọ́n bá ti bó àlẹ̀mọ́ rẹ̀ kúrò, tàbí tí ẹ fura sí i, ẹ lo CPU-Z, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ojú ìwé SPD rẹ̀ yóò fi ohun tí RAM náà sọ nípa ara rẹ̀ hàn.

Ohun kan tún máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi RAM kún un, kọ̀ǹpútà ní 8GB ni, àmọ́ 3.2GB péré ló ń lò. Ẹ má bá ẹnjiníà jà. Windows 32-bit ló wà nínú rẹ̀, òun kò sì lè lò ju 4GB lọ. Ẹ fi 64-bit rọ́pò rẹ̀.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ fọwọ́ kan irin kí ẹ tó mú RAM, torí iná inú ara wa lè pa eérún rẹ̀ láìjẹ́ pé a rí i. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ bátìrì tàbí kí ẹ tú okùn rẹ̀, ẹ má fọwọ́ ba ẹsẹ̀ góòlù. Bí ẹ̀rọ kò bá tàn lẹ́yìn tí ẹ ki í bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ fi iréésà nu ẹsẹ̀ góòlù náà pẹ̀lẹ́, kí ẹ tún un fi sí i títí tí ìkọ́ rẹ̀ á fi dún.

Pé ó tàn kò túmọ̀ sí pé ó dára. Ní 2009, Google àti àwọn olùwádìí Yunifásítì Toronto gbé ìwádìí jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà Google, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún RAM ló ń ṣàṣìṣe lọ́dún kan. Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú lójú méjèèjì nìyẹn, nínú yàrá tó tutù, kì í ṣe tọ́kunbọ̀ tó ti rin òkun. RAM tó bàjẹ́ díẹ̀ burú ju èyí tó kú pátápátá lọ. Yóò ba fáìlì yín jẹ́ ní kọ́ọ̀rọ̀, ojú ẹ̀rọ á kàn di búlúù lójijì, ẹ ó sì máa dá Windows lẹ́bi. Ẹ tẹ mdsched síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan nínú Windows, á yẹ RAM wò fúnra rẹ̀. MemTest86 tún jinlẹ̀ jù ú lọ, ó sì lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ rí i pé iná tó dúró wà. Àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti dá RAM náà padà. Bó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ dán èkejì wò lóun nìkan, ẹ ó mọ èyí tó bàjẹ́.

Láti ìparí ọdún 2025 ni RAM ti gbówó lórí káàkiri ayé, torí Samsung, SK Hynix àti Micron, àwọn mẹ́ta tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé, ń darí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ibùdó ńlá fún AI. RAM àlòkù tí ẹ bá yọ lára ẹ̀rọ ti di ohun tó níye lórí. Ẹ má jẹ́ kí ó dúró sí ìsọ̀ láìgba kọ́bọ̀ kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ẹnjiníà wa ni pé, ẹ jẹ́ kí oníbàárà rí àlẹ̀mọ́ RAM náà kí ẹ tó ki í bọ̀ ọ́, ẹ kọ ìran rẹ̀, fọ́ọ̀tì rẹ̀ àti ìyára rẹ̀ sórí rìsíìtì, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ díẹ̀ láti dán an wò. Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má san owó tán kí ẹ tó rí i pé mdsched kò rí àṣìṣe kankan, kí ẹ sì gba èyí tí wọ́n yọ padà lọ́wọ́ wọn.